Àga Kejìlélógún

"Ìyàwó mi wà nínú ọkọ̀ yẹn!"

Ìgbà kẹrin tí kafíńtà yẹn máa pariwo ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa nìyẹn. Ohùn ẹ̀ ti há. Ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lára ṣòkòtò ẹ̀, ó hàn pé ẹnu iṣẹ́ ló wà tó fi gbọ́ ìròyìn. Mánijà wa gbá ìwé orúkọ èrò mọ́ àyà, kò tiẹ̀ jẹ́ kó wọlé.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Èrò méjìdínlógójì ló wọ ọkọ̀. Méjìdínlógójì náà la ti rí, alààyè àti òkú. Orúkọ ìyàwó yín ò sí níbẹ̀."

"Ó pè mí láàárọ̀! Ó ní òun ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, òun ti ń wọlé!"

"Bóyá ibòmíì ló gbà lọ." Mánijà wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàánú ẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Obìnrin máa ń ní ibi tó ń lọ tí kì í sọ fún ọkọ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Èmi ò bá a rẹ́rìn-ín. Nítorí èmi gan-an ni mo ta tíkẹ́ẹ̀tì fún obìnrin yẹn lówùúrọ̀, lójú fèrèsé mi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fún un.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Ọkọ̀ ojú omi àárọ̀ gbéra ní èbúté wa ní aago méje ààbọ̀, nínú kùrukùru. Ó lọ forí sọ òpó irin kan tó wà lábẹ́ omi, ó sì dojú dé. Èrò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yè. Márùn-ún kú. Awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀, tí a kì í kà mọ́ èrò, náà kú. Láti ojú fèrèsé mi mo ń rí ìdí ọkọ̀ náà láàárín omi, ó dojú dé bí abọ́. Ọ̀gá Òmùwẹ̀, olórí àwọn tó ń yọ èèyàn nínú omi, ti ní iṣẹ́ parí, kò sẹ́ni tó kù. Tó bá di aago mẹ́rin, wọ́n máa fi ọkọ̀ ńlá fà á wá sétí omi. Bí wọ́n bá sì ti fà á, gbogbo afẹ́fẹ́ tó kù nínú ẹ̀ á jáde, omi á kún un dé òkè.

Mo sọ fún wọn. Mo ní mo rántí obìnrin náà. Mánijà ní irọ́ ni, pé ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì ò rí i, pé bí mo bá sì jẹ́ kí èèyàn wọlé láìkọ orúkọ ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ. Òun ló pe ọlọ́pàá fún mi.

Ẹni tí wọ́n wá rán sí mi ni Ìyá Tún-un-sọ.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Obìnrin kúkurú, bàtà ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ kan, sálúbàtà ló wọ̀ sí ìkejì nítorí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ tó wú. Ó fi báàgì dúdú kan kọ́ apá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó tíì jókòó níwájú ẹ̀ tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ yẹn.

"Jókòó, ọmọ mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un, mà."

"Tún un sọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti yọ sí ẹ."

Mo bá bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé, aṣọ yẹ́lò ni ó fi dì í, ó gbé e lé tábìlì mi gbì, gíláàsì fèrèsé mì. Ó ní, "Àǹtí, ṣé èyí náà á gba àga ni? Ó jù mí lọ o, kí wọ́n tó bí mi ni ìyá mi ti ń fi í ránṣọ." Mo rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́lòmíì lórí ìlà mi, a bá ń sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀rọ ẹ̀ máa lọ sílé ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀, kó má ṣèyọnu. Àga kejìlélógún ni mo fún un. Ó ní ó dáa, ọjọ́ kejìlélógún oṣù ni wọ́n bí òun.

"Aago mélòó?"

"Méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago wà lórí ẹ̀rọ mi."

Ó ṣí ìwé tí Mánijà fún un. Ó fi ìka tọ́ ìlà kan wálẹ̀.

"Àga kejìlélógún. Tíṣà kan ni, ọkùnrin. Fèrèsé kejì ló tà á fún un, ní méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Fèrèsé tìẹ wá ńkọ́? Láti méje kọjá mẹ́wàá títí dé méje kọjá mọ́kànlélógún, kò kọ nǹkan kan. Òfo."

"Màámi, mi ò purọ́."

"Ta ló ní o purọ́? Òfo ni mo ní. Ká ní o fẹ́ tàn wá ni, o ò bá ti kọ nǹkan síbẹ̀." Ó dìde, ó ń tiro. "Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Níbo ni ìṣẹ́jú mọ́kànlá ẹ wọlé sí? Tẹ̀ lé mi."

Ẹ̀gbọ́n tó ń jókòó ní fèrèsé kejì ń sunkún nígbà tá a débẹ̀, ó sì ń jà nínú ẹkún náà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ pa orúkọ obìnrin náà rẹ́?" Ìyá Tún-un-sọ bi í.

"Èmi? Èmi tó jẹ́ ọmọ mi ló ń bá mi pa álááàmù fóònù mi? Mo ta kejìlélógún, mo ta kẹtàlélógún, mo ta kẹrìnlélógún. Ó parí!"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fún tíṣà ní kejìlélógún?"

"Èmi kọ́ ni mo fún un o. Ẹ̀rọ ló ń yan àga. Èyí tó bá kàn ló ń gbé wá."

"Ìwé kan náà lẹ̀yin méjèèjì ń kọ sí?"

"Ìwé kan náà ni," èmi náà dáhùn. "Ó wà nínú yàrá ẹ̀rọ."

Ìyá Tún-un-sọ dúró sáàárín wa méjèèjì. Ó kàn ń wo fèrèsé kìíní, ó ń wo fèrèsé kejì.

Aago méjì ààbọ̀.

Bàbá Ẹnu-Géètì la lọ bá tẹ̀ lé e. Òun ló ń gba èrò wọlé. Kò fọkàn tán ìwé, òkúta wẹ́wẹ́ ló fi ń kà wọ́n: èèyàn kan kọjá, òkúta kan bọ́ sínú agolo. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, mélòó ló wọlé láàárọ̀?"

"Méjìdínlógójì."

"Ẹ tún un sọ."

"Méjìdínlógójì, ìyá." Kò wo ojú ẹ̀. Ó da agolo náà sórí bẹ́ǹṣì. Èmi fúnra mi ni mo kà wọ́n, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó lé ọ̀kan. Méjìdínlógójì. Mo tún un kà. Méjìdínlógójì géérégé.

Mo jókòó sílẹ̀. Ó wá jọ mí bíi pé orí mi ti dà rú, bóyá àná ni mo rí aránṣọ yẹn, bóyá ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyá Tún-un-sọ ń wo ọwọ́ ọ̀tún bàbá náà, tó kì bọ àpò tí kò yọ ọ́.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Màá padà wá."

Inú àgọ́ tí wọ́n kó àwọn tó yè sí la ti rí tíṣà. Wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, wọ́n fi báńdéèjì di orí ẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ jókòó sí àga kejìlélógún?"

Bí ó ṣe gbọ́ nọ́ńbà yẹn, ńṣe ló bojú.

"Ó ní àga òun ni," ó ń sọ ọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. "Obìnrin kan. Mo ní tèmi ni. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì mi hàn án. Òun náà fi tiẹ̀ hàn mí. Nọ́ńbà kan náà, mà! Kejìlélógún, kejìlélógún. Ó yẹ kí n dìde fún un. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ní mi ò ní dìde."

"Níbo ló wá lọ?"

"Ọmọ ọkọ̀ ní kó lọ jókòó ti ẹrù ẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní ó dáa, pé ó kúkú sàn, òun á máa ṣọ́ ẹ̀rọ òun."

Mo figbe ta. Ilé ẹrù! Ìyá Tún-un-sọ ti ń tiro lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Òmùwẹ̀, mo sáré tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá Òmùwẹ̀ tẹ́tí títí ó fi parí. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ti pọ́n, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ.

"Màámi, tíṣà yẹn fi orí gbá irin. Láti àárọ̀ ló ti ń pe ìyá ẹ̀ tó ti kú, ó ní ó jókòó ti òun. Ọmọ ọkọ̀ tó dárúkọ náà ti kú. Ọ̀kan nínú àwọn òmùwẹ̀ mi ti dá lápá níbẹ̀, ọkọ̀ yẹn ń yí. Mi ò lè rán ọmọ ọlọ́mọ padà sábẹ́ ẹ̀ nítorí ẹni tí ìwé ní kò sí."

"Bí ìwé bá ń purọ́ ńkọ́?"

"Ẹ mú ẹ̀rí ẹ̀ wá. Aago mẹ́rin ni mò ń fà á. Lẹ́yìn ìyẹn omi á máa lọ sílẹ̀, kò ní ṣeé fà mọ́."

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Yàrá ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ọ́fíìsì Mánijà. Ó tutù bí inú fíríìjì. Kọ̀ǹpútà ńlá méjì ló dúró níbẹ̀, wọ́n fi wáyà so méjèèjì mọ́ àpótí kan ṣoṣo. Injiníà tó ń tọ́jú wọn dìde fún wa, ó ń nu ojú gíláàsì ẹ̀.

"Ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò kàwé," Ìyá Tún-un-sọ ní.

"Ó rọrùn, mà. Inú àpótí yìí ni ìwé orúkọ wà. Ẹ̀rọ Kìíní ń ṣiṣẹ́ fún fèrèsé kìíní, Ẹ̀rọ Kejì fún fèrèsé kejì. Méjèèjì ń kọ sínú ìwé kan náà. Wáyà yìí ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà: ṣé o wà? Mo wà. Àga wo lo ń kọ? Kejìlélógún, dúró ná. Wọn ò lè kọlu ara wọn."

"Bí ọ̀kan ò bá wá dáhùn ńkọ́?"

"Ìkejì á gbà pé ó ti kú, á máa dá iṣẹ́ ṣe."

"Ó gbà pé ó ti kú." Ó mi orí. "Injiníà, bí mo bá pe ọ̀gá mi lórí fóònù tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀, ṣé kí n lọ jókòó sórí àga ẹ̀ kí n máa fọwọ́ sí ìwé? Bó bá jẹ́ fóònù ló bàjẹ́ ńkọ́? Bí òun náà bá wà ní yàrá kejì tó ń fọwọ́ sí ìwé tiẹ̀?"

"Ìdí nìyẹn tí agéná fi wà," Injiníà yára dáhùn. Ó tọ́ka sí àpótí irin kékeré kan lára ògiri. "Kí Ẹ̀rọ Kejì tó fọwọ́ kan ìwé, agéná máa kọ́kọ́ gé iná mọ́ Ẹ̀rọ Kìíní lórí. Bóyá ó kú o, bóyá kò kú o, ó ti dákú nìyẹn. Kò lè kọ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló máa kù nínú ìwé."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárọ̀?"

"Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni. Méje kọjá mẹ́wàá, Ẹ̀rọ Kìíní ò dáhùn. Agéná gé iná ẹ̀. Ẹ̀rọ Kejì gba iṣẹ́. Mo tan Kìíní padà ní méje kọjá mọ́kànlélógún. Ìdí tí fèrèsé arábìnrin yìí fi ṣófo nìyẹn, kò lè ta nǹkan kan nígbà yẹn." Ó wò mí tàánútàánú. "Ó lè máa rò pé òun tà á."

Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ mi ò kú, pé iná wà lójú ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí aránṣọ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àlàyé ẹ̀ dùn létí jù, ó tò tẹ̀ léra.

"Tún un sọ," Ìyá Tún-un-sọ ní.

Ó tún un sọ. Kò ṣì í ní ọ̀rọ̀ kan.

"Ó dáa. Nǹkan kan ló kù. Ẹ̀rọ yìí, ṣé ó máa ń mọ ìgbà tí wọ́n tan òun?"

Injiníà tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì ẹ̀. Èmi mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó, ó wà lójú ẹ̀rọ níbẹ̀, gbogbo wa ló ń rí i. Mo tẹ bọ́tìnnì kan lára Ẹ̀rọ Kìíní. Ó gbé e jáde.

"Ka ohun tó wà níbẹ̀, ọmọ mi."

"Ọjọ́ márùn-ún," mo kà á. "Ó ti wà lójúfò láti ọjọ́ márùn-ún."

"Injiníà." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Ẹ̀rọ tí wọ́n gé iná mọ́ lórí láàárọ̀ yìí, báwo ló ṣe jẹ́ tí kò tíì sùn láti ọjọ́ márùn-ún?"

Ọkùnrin náà jókòó. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ wáyà dúdú kan jáde, ó gbé e lé tábìlì bí ẹni gbé òkú ejò sílẹ̀.

"Mo yọ ọ́," ó ní. "Mo yọ wáyà agéná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta ló gé iná lójijì, nítorí pé wáyà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ń tú. Gbogbo ìgbà ni èrò ń pariwo, Mánijà ń bú mi bí ọmọdé, ó ní bó bá tún gé iná kí n máa lọ sílé. Mo ní màá tún wáyà yẹn so dáadáa lópin ọ̀sẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Wáyà wá tú láàárọ̀."

"Ó tú, kí n tó tún un so ní méje kọjá mọ́kànlélógún. Kò sẹ́ni tó kú nínú àwọn méjèèjì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé ìkejì ti kú. Méjèèjì ń dá kọ ìwé."

"Méjèèjì wá fún èèyàn méjì ní àga kejìlélógún," mo ní.

"Ojú ewé kan náà ni wọ́n ń kọ. Kejì ló kọ gbẹ̀yìn, ojú ewé tiẹ̀ bo ti Kìíní mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Kìíní ní ìwé kékeré tiẹ̀ tó ń kọ ohun tó bá ṣe sí." Ó ti ń tẹ̀wé jáde kó tó parí ọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Ẹ gbà. Méje kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wò ó. Orúkọ ẹ̀ nìyí."

Mo já ìwé náà gbà, mo sáré.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Wọ́n ti so okùn mọ́ ọkọ̀ ńlá, ó ti le gan-an-ran. Kafíńtà wà nínú omi dé àyà, ọlọ́pàá méjì dì í mú. Mo na ìwé sí Ọ̀gá Òmùwẹ̀, mo ń sọ ọ́ wótowòto. Ó kà á. Ó tún wo omi.

"Ẹ̀rọ kan ní méjìdínlógójì, ẹ̀rọ kan ní ó lé. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

"Gba tèmi gbọ́."

Bàbá Ẹnu-Géètì ni. Ìyá Tún-un-sọ ló mú un wá, ó dì í lápá. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú àpò nígbẹ̀yìngbẹ́yín, ó ṣí i. Òkúta wẹ́wẹ́ kan.

"Ó lé kan nígbà tí mo kà á," bàbá ní. "Nígbà tí Mánijà gbé ìwé ẹ̀rọ jáde, mo ní ojú mi ló ti di ti arúgbó, ẹ̀rọ ò lè ṣì í kà. Mo bá yọ ọ̀kan. Mi ò wá lè jù ú nù. Láti àárọ̀ ló ti ń jó mi lọ́wọ́."

Ọ̀gá Òmùwẹ̀ yí padà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí ọkọ̀ ńlá. "Ẹ tú okùn! Ẹ pa ẹ́ńjìnnì! Ilé ẹrù, ẹ̀yìn pátápátá!"

Òmùwẹ̀ méjì wọlé. Omi pa dé. Mo ka ọgọ́ta. Mo tún ka ọgọ́ta. Kafíńtà ò pariwo mọ́, ó kàn ń sọ orúkọ ìyàwó ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń jí i lójú oorun. Mo ka ọgọ́ta márùn-ún, mo ka mẹ́fà, mi ò wá mọ iye tí mò ń kà mọ́.

Orí kan yọ. Òmùwẹ̀ ni. Orí kejì yọ, òmùwẹ̀ kejì ni.

Orí kẹta wá yọ láàárín wọn, aṣọ yẹ́lò wé mọ́ ọrùn, ó ń wúkọ́ bí ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ fẹ́ jáde.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé èbúté, ètè ẹ̀ ti dúdú, kò lè dúró. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ẹ̀ ló dúró lé láti àárọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí imú ẹ̀ kan afẹ́fẹ́. Ọkọ ẹ̀ gbá a mọ́ra, kò jẹ́ kí dókítà rí ibi fọwọ́ kàn. Ó rí mi láti èjìká ọkọ ẹ̀, ó rí aṣọ iṣẹ́ mi.

"Àǹtí," ó ní, eyín ẹ̀ ń gbá ara wọn, "àga yín yẹn, ẹnì kan ti wà níbẹ̀ o."

Mo bú sẹ́kún.

Ìyá Tún-un-sọ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹnu géètì, ó bọ́ bàtà kan ṣoṣo tó wọ̀. Agolo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bàbá Ẹnu-Géètì dúró níwájú ẹ̀, òkúta náà lọ́wọ́.

"Bàbá, mélòó ló wọ ọkọ̀ yẹn láàárọ̀?"

Bàbá ju òkúta sínú agolo. Ó dún kólo.

"Mọ́kàndínlógójì."

"Ẹ tún un sọ."